Nọ́ńbà àti ímeèlì àwọn kọ́sítọ́mà tó wà nínú ìwé màámi, ṣé mo láṣẹ láti máa fi polówó?

ỌmọAládìrẹ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ajé, mi ò tiẹ̀ rí oorun sùn dáadáa, ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ kó jọ̀ọ́ là mí lọ́yẹ.

Màámi ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta, ó ti lé lógún ọdún. Ẹni tó bá fi ọ́dà àǹkóò sílẹ̀ tàbí tó gbé aṣọ wá pé kí wọ́n bá òun pa á láró, wọ́n á ní kó kọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀ sínú ìwé kan báyìí, ìwé ẹlẹ́yìn líle, etí ẹ̀ ti di búlúù torí ọwọ́ aró ni wọ́n fi ń ṣí i. Ohun tí wọ́n ń gbà á fún ò ju pé tí aṣọ bá ti gbẹ kí wọ́n lè pe ẹni tó ni ín kó wá gbé e. Ní 2019 tí mo parí ilé ìwé tí mo wá ń bá wọn ṣe é, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ímeèlì lọ́wọ́ àwọn tó ń ní ká fi aṣọ ránṣẹ́ sí London àti Canada, torí ibẹ̀ ni mò ń fi rìsíìtì sí. Lọ́dún tó kọjá mo wá jókòó, mo da gbogbo inú ìwé náà kọ sórí kọ̀ǹpútà. Orúkọ tó tó 1,400, àwọn tó ní ímeèlì nínú wọn tó 300.

Nígbà tí ọdún ń bọ̀ yìí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àwọn àdìrẹ ẹlẹ́kọ kan tó dára gan-an, mo ya fọ́tò wọn, mo kọ ímeèlì kan, mo da gbogbo àdírẹ́sì 300 yẹn sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, mo fi ránṣẹ́. Mi ò mọ̀ pé gbogbo ẹni tó bá ṣí i ló máa rí àdírẹ́sì gbogbo àwọn tó kù. Kò ju wákàtí kan lọ tí obìnrin kan ní London fi dá a padà, gbogbo wa ló sì dá a padà sí. Ó ní aṣọ kan ṣoṣo lòun rà ní 2021, òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó máa polówó ọjà fóun, báwo ni ímeèlì òun ṣe wá wà lójú ọ̀ọ́dúnrún èèyàn tóun ò mọ̀ rí? Ó ní kí n yọ òun kúrò, kí n sì sọ fóun ohun tí mo tún ní nípa òun lọ́wọ́. Ojú tì mí. Màámi ò tíì gbọ́ nígbà yẹn.

Lórí ìyẹn náà, arábìnrin kan tó ń ta ìpara ní ká jọ ṣe bísínẹ́ẹ̀sì, kí n fún òun ní orúkọ gbogbo wọn, òun á fún mi ní ₦50,000. Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó.

Ìbéèrè mi rèé. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni mo dá lábẹ́ òfin àbí àìmọ̀wàáhù lásán ni? Ṣé kí n pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ ni? Ẹni tó ti ra ọjà lọ́wọ́ wa, ṣé mo ṣì gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó fi aṣọ tuntun hàn án?

OníṣòwòKútọ̀

Àbúrò mi, fọkàn balẹ̀. Látìgbà táláyé ti dáyé la ti ń gba nọ́ńbà kọ́sítọ́mà. Èmi ń ta ìkòkò àti abọ́ ní Kútọ̀, bí ọjà tuntun bá dé mo máa ń pè wọ́n ni, wọ́n á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo rántí àwọn. Obìnrin kan ṣoṣo tó wà lókè òkun ló bínú, àwọn 299 yòókù ńkọ́? Bẹ̀ ẹ́, yọ orúkọ ẹ̀, máa bá iṣẹ́ ẹ lọ. Ta ló máa wá sí Ìtòkú wá yẹ ìwé ìyá ẹ wò? Nígbà tí ọjà ò tà tó báyìí, ẹni tí kò bá polówó ebi ló máa pa á.

Ṣùgbọ́n má ta orúkọ wọn o. Ìyẹn ò dáa. Kọ́sítọ́mà ìyá ẹ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ti onípara.

Akọ̀wéÒkèÌlèwó

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n dá sí i torí iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ọ́fíìsì lọ́yà nìyí, mo sì ti rí i tí ọ̀rọ̀ tó kéré ju èyí lọ di wàhálà.

Àbúrò, òfin wà. Ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 2023 ni Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí i, Nigeria Data Protection Act lorúkọ ẹ̀, òun náà ló dá àjọ NDPC sílẹ̀ pé kí wọ́n máa bójú tó o. Kó tó dìgbà yẹn, ìlànà tí NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, gbé jáde ní 2019 la ń lò. Ẹ tún padà sẹ́yìn sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999, abala 37, ẹ máa rí i pé àṣírí ọmọ Nàìjíríà, ilé ẹ̀, lẹ́tà ẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí fóònù, ẹ̀tọ́ ẹ̀ ni. Dátà tí òfin ń sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń rà láti fi wọ íntánẹ́ẹ̀tì o. Orúkọ, nọ́ńbà, ímeèlì, àdírẹ́sì ilé, fọ́tò, ohunkóhun tí wọ́n bá lè fi mọ̀ pé lágbájá rèé, òun ni.

Ohun tó yẹ kó kọ́kọ́ yé ẹ ni pé nọ́ńbà yẹn ní iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún. Màmá ẹ gbà á láti fi pe èèyàn wá gbé aṣọ. Tí ẹ bá pe ẹni tó ni aṣọ pé ó ti gbẹ, tí o bá fi rìsíìtì ránṣẹ́, tí o bá sọ fún un pé ẹrù ẹ̀ ti kúrò ní Èkó, o ò nílò ìyọ̀ǹda kankan mọ́, torí àdéhùn tó wà láàárín yín ló gbé e wá. Ọ̀nà mẹ́fà ni òfin là sílẹ̀ tí èèyàn fi lè lo dátà ẹlòmíì, àdéhùn wà níbẹ̀, ìyọ̀ǹda náà wà níbẹ̀, kì í ṣe ìyọ̀ǹda nìkan. Nítorí náà má pa ìwé náà rẹ́. Ìpolówó aṣọ tuntun ló jẹ́ nǹkan mìíràn, ìyẹn lo ò bi wọ́n.

Ní ti ìyọ̀ǹda, òfin ò ní kó o lọ gba lọ́yà o. Èèyàn lè fẹnu sọ ọ́, ó lè kọ ọ́, ó lè tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òun fúnra ẹ̀ ló sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Pé ó dákẹ́ kò túmọ̀ sí pé ó gbà, pé o ti bá a fi máàkì síbẹ̀ kó tó dé náà kò túmọ̀ sí pé ó gbà. Tí ọ̀rọ̀ bá wá délẹ̀, ìwọ lo máa fi hàn pé ó gbà, kì í ṣe òun ló máa fi hàn pé òun ò gbà. Bó bá sì yí ọkàn padà lọ́la, bó ṣe rọrùn fún un láti gbà náà ló gbọ́dọ̀ rọrùn fún un láti jáde. Ẹni tó bá ti ní òun ò fẹ́ ìpolówó, ó parí nìyẹn, o ò ní bi í pé kí ló dé.

Obìnrin London yẹn ò ṣe àṣejù rárá. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó o ní nípa ẹ̀, ó lẹ́tọ̀ọ́ pé kó o tún èyí tí kò tọ́ ṣe, kó o sì pa èyí tó ò nílò mọ́ rẹ́. Àwọn ará Yúróòpù ní òfin tiwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún 2018, ó sì kan ẹni tó wà níta tó ń tajà fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ wọn. Britain mú tiẹ̀ dání nígbà tó kúrò láàárín wọn. Ní Britain, olùtajà ní àyè díẹ̀ lórí ímeèlì: ẹni tó ti ra ọjà lọ́wọ́ ẹ, o lè fi irú ọjà kan náà lọ̀ ọ́ láì tún gba ìyọ̀ǹda ẹ̀, ìyẹn tó o bá ti fún un láǹfààní láti kọ̀ lọ́jọ́ tó o gba àdírẹ́sì ẹ̀, tó o sì tún ń fún un láǹfààní yẹn nínú gbogbo ímeèlì tó ò ń fi ránṣẹ́. Ìwọ ò ṣe ìkíní, o ò ṣe ìkejì. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ àdírẹ́sì 300 tó hàn síra wọn ló ká mi lára jù. Òfin wa ka irú ẹ̀ sí pé dátà dà síta. Tó bá jẹ́ èyí tó lè pa àwọn èèyàn lára, wákàtí 72 péré lo ní láti sọ fún NDPC látìgbà tó o ti mọ̀. Tèmi ni pé kó o kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ lónìí, ọjọ́, aago, iye èèyàn, ohun tó hàn, ohun tó o ṣe sí i, kó o sì pe wọ́n láti béèrè. Kó o tún kọ̀wé sí àwọn 300 náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, pé àṣìṣe ni, kí wọ́n jọ̀ọ́ pa ímeèlì yẹn rẹ́.

Owó ìtanràn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré, ó lè tó ₦2,000,000 tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé lọ́dún, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì. Fún àwọn iléeṣẹ́ tí òfin kà sí pàtàkì, ₦10,000,000 ló dípò ₦2,000,000 yẹn. Mi ò sọ pé wọ́n á wá bu ìyẹn lé ìyá ẹ lórí, mò ń sọ ọ́ kó o lè mọ bí òfin ṣe ka ọ̀rọ̀ náà sí ni.

Onípara yẹn, má tiẹ̀ rò ó mọ́. Ta ló fún ẹ ní àṣẹ tó o fẹ́ tà?

Adéọlá_Ọbàntókò

Àǹtí, ẹ má bínú pé mo ń wọlé báyìí, ọ̀rọ̀ yìí kàn mí gan-an ni.

Ọdún méjì sẹ́yìn mo lọ ra bàtà ní ṣọ́ọ̀bù kan nígboro níbí, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní kí n kọ orúkọ, nọ́ńbà, ímeèlì àti ọjọ́ ìbí mi, pé tí ọjọ́ ìbí mi bá kò wọ́n á gé owó ọjà fún mi. Mo kọ ọ́, inú mi tiẹ̀ dùn. Oṣù kan ò pé tí àwọn tí mi ò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í fi tẹ́ẹ̀sì yọ mí lẹ́nu, ẹni tó ń tajà, ẹni tó ń yáni lówó, ẹni tó ń ta ilẹ̀ ní Mówé. Mo fara dà á. Àfi ọjọ́ kan tí ọkùnrin kan pè mí, ó kí mi kú ọjọ́ ìbí tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ó pe orúkọ mi méjèèjì, ó dárúkọ ọjọ́ àti ọdún tí wọ́n bí mi, ó ní òun ń pè láti báǹkì, pé wọ́n fẹ́ ti àkáǹtì mi pa tí mi ò bá fi BVN mi tún nǹkan ṣe. Ohùn ẹ̀ tutù bíi ti pásítọ̀. Mo ti pe nọ́ńbà mẹ́fà jáde nínú mọ́kànlá kí ẹ̀gbọ́n mi tó gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n.

Mi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ṣọ́ọ̀bù bàtà ló tà mí. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ nìkan ni mo ti kọ orúkọ kejì mi yẹn bí mo ṣe kọ ọ́, mo ṣi sípẹ́lì ẹ̀ kọ torí mò ń kánjú, bí mo ṣe ṣì í kọ gẹ́lẹ́ ló wà nínú tẹ́ẹ̀sì àwọn ayánilówó yẹn.

Torí náà Bàbá Kútọ̀, ẹ ní ẹnì kan ló bínú. Àwọn tó kù ò bínú ni àbí wọn ò rí ẹni sọ fún? Èmi náà ò sọ fún ṣọ́ọ̀bù yẹn rí, mi ò kàn débẹ̀ mọ́ ni.

Àǹtí, tí ẹ bá kọ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni sínú ìwé yẹn, ẹ wò ó bóyá ẹ nílò ẹ̀. Kí ni aládìrẹ fẹ́ fi ọdún tí wọ́n bí èèyàn ṣe?

OníṣòwòKútọ̀

Adéọlá, pẹ̀lẹ́ o ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé ó ń dé ibẹ̀ yẹn. Ẹyin lohùn lóòótọ́, nọ́ńbà náà ti wá di ẹyin.

Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè. Èmi tí mo ń pe kọ́sítọ́mà lórí fóònù, tí mi ò ní kọ̀ǹpútà, ìwé lásán ni mo ní, ṣé òfin yìí kàn mí? Àti WhatsApp ẹbí wa ńkọ́, nọ́ńbà gbogbo wa ló wà níbẹ̀.

Akọ̀wéÒkèÌlèwó

Ẹ̀gbọ́n, ti ẹbí ò sí níbẹ̀, òfin yọ ohun tí èèyàn ń ṣe láàárín ilé àti ara ẹ̀ sílẹ̀, tí kò bá ṣáà ti di pé ó ń tú àṣírí ẹlòmíì. Ti ọjà yín kàn yín, ìwé tí ẹ to orúkọ sí létòlétò náà, òfin rí i. Ẹ̀yin tiẹ̀ rọrùn, ẹ̀ ń fojú kojú pẹ̀lú wọn, ẹ kàn bi wọ́n pé "ṣé kí n máa pè yín bí ọjà tuntun bá dé?" kẹ́ ẹ fi máàkì síwájú orúkọ ẹni tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, kẹ́ ẹ kọ déètì.

Ohun kan tí mo gbàgbé láti sọ fún àbúrò. Tó o bá fẹ́ kọ̀wé bi àwọn tó wà nílẹ̀ bóyá wọ́n fẹ́ máa gba ìpolówó, má kọ ọ́ sí ẹni tó ti ní òun ò fẹ́. Flybe, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú kan ní Britain, fi ímeèlì ránṣẹ́ sí èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta tí wọ́n ti ní àwọn ò fẹ́ ìpolówó, pé kí wọ́n wá tún yàn bóyá wọ́n fẹ́. ICO, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ dátà níbẹ̀, bu £70,000 lé wọn ní 2017. Ímeèlì tó ń béèrè àyè yẹn gan-an ni wọ́n kà sí ìpolówó.

KáféLáfẹ́nwá

Èmi kì í ṣe lọ́yà, kọ̀ǹpútà ni tèmi, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọwọ́ ti máa ń yọ̀.

Tí ẹ bá ń kọ ímeèlì sí èèyàn púpọ̀, àpótí mẹ́ta ló wà lókè, To, Cc àti Bcc. Ohun tí ẹ bá kọ sí méjì àkọ́kọ́, gbogbo ayé rí i. Bcc nìkan ni kò hàn. Lórí Gmail fóònù kì í tiẹ̀ hàn lójú kan, àfi kẹ́ ẹ tẹ ọfà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ To yẹn kó tó jáde, ìyẹn ló ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Mo ti rí ọ̀gá ilé ìwé tó fi ímeèlì gbogbo òbí síta báyìí, èmi ni wọ́n wá bá pé kí n bá wọn fà á padà, kò sì ṣeé fà padà mọ́. Èyí tó sàn ju Bcc lọ ni kẹ́ ẹ lo àwọn ibi tó wà fún ìpolówó orí ímeèlì, torí olúkúlùkù máa gba tiẹ̀ lọ́tọ̀, ibi tí wọ́n á tẹ̀ láti jáde á sì wà nísàlẹ̀.

WhatsApp náà, ẹ má ṣe gúrúùpù fún kọ́sítọ́mà láì bi wọ́n, nọ́ńbà oníkálukú ló máa hàn síra wọn. Broadcast lẹ máa lò. Ẹni tó bá ti seéfù nọ́ńbà yín nìkan ló máa rí i gbà, mo fẹ́ràn ìyẹn, torí ẹni tó seéfù yín mọ̀ yín.

Tẹ́ẹ̀sì ìpolówó tó ń yọ Adéọlá lẹ́nu, kó fi STOP ránṣẹ́ sí 2442, NCC, àjọ tó ń bójú tó àwọn iléeṣẹ́ fóònù, ló ṣe é. Kì í dá àwọn tó ń fi nọ́ńbà ara wọn pè dúró o, àwọn tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń bá fi ránṣẹ́ ni.

Ó ku ọ̀kan tó máa ń rú èèyàn lójú. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ yọ òun, ẹ má kàn pa á rẹ́ pátápátá láì fi àmì kankan sílẹ̀, torí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tún da orúkọ láti inú ìwé màmá sórí kọ̀ǹpútà, á tún padà wọlé, ẹ á sì tún kọ̀wé sí i. Ẹ ní ìwé kékeré kan lọ́tọ̀, àdírẹ́sì nìkan, "àwọn tí a ò gbọdọ̀ kọ̀wé sí". Ẹ wò ó kẹ́ ẹ tó fi ohunkóhun ránṣẹ́. Ẹ fi páásìwọ́ọ̀dù sí kọ̀ǹpútà yẹn pẹ̀lú, kẹ́ ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ máa fi fóònù ya ìwé náà.

ỌmọAládìrẹ

Ẹ ṣé o. Mo ka gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo wá sọ fún màámi lálẹ́ ọjọ́rú. Mo rò pé wọ́n á ní kí n fi ọ̀rọ̀ òyìnbó sílẹ̀. Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní, "Mo sọ fún wọn pé màá fi pè wọ́n tí aṣọ bá gbẹ. Ohun tí mo sọ nìyẹn." Ó dùn mí ju kí wọ́n bá mi jà lọ.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn 300 náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbà mí ní ọjọ́ méjì gbáko. Mo bẹ̀bẹ̀, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mi ò fi fọ́tò aṣọ kankan sí i. Mo pe NDPC náà, mo sì ti kọ ohun gbogbo sílẹ̀ bí Akọ̀wé ṣe wí. Obìnrin London yẹn, mo kọ ohun tí mo ní nípa ẹ̀ ránṣẹ́ sí i, orúkọ, ímeèlì, àdírẹ́sì tí mo fi aṣọ ránṣẹ́ sí ní 2021, yáàdì márùn-ún. Ó dáhùn pé ẹ ṣé, pé kí n pa àdírẹ́sì ilé rẹ́. Mo ti pa á rẹ́. Adéọlá, mo wo ìwé náà, ọjọ́ ìbí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ 46, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ pé mo fẹ́ máa kí wọn. Mo ti fi bírọ̀ pa gbogbo ẹ̀ títí kò fi ṣeé kà mọ́, mo sì yọ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Onípara ń bínú sí mi, ó ní mi ò fẹ́ràn òun.

Màámi ti fi rúlà fa ìlà tuntun sínú ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà, wọ́n kọ "Ṣé ká máa fi aṣọ tuntun hàn yín?" sókè ẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá láàárọ̀ yìí ni ìyá àgbà kan láti Ìjèún tó ti ń rajà lọ́wọ́ wọn kí n tó dáyé. Wọ́n gbé ìgò ojú wọn wọ̀, wọ́n kà á, wọ́n ní rárá o, ẹ ṣáà pè mí tó bá gbẹ. Wọ́n kọ "rárá" síbẹ̀ gàdàgbà. Ẹni kejì àti ẹnì kẹta ní bẹ́ẹ̀ ni. Màámi bi ìyá àgbà yẹn pé ṣé kò sí wàhálà o, wọ́n ní kò sí, pé kò sẹ́ni tó bi àwọn rí ni.